Awò Àtijọ́ Lára Kámẹ́rà Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó kan ohun ìní ẹbí. Awò ni ojú kámẹ́rà. Òun ni àwọn onífọ́tò ń pè ní lẹ́ǹsì. Bí àgbà tí ó fẹ́ràn àwòrán yíyà bá fi irú rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí, àwọn ọmọ a máa tà á ní owó táṣẹ́rẹ́, wọn a ní ayé rẹ̀ ti kọjá. Ǹjẹ́ òtítọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí a fi Leica ti ilẹ̀ Jámánì ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1932 ni Leica II jáde pẹ̀lú rangefinder, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń wọn bí ohun tí a fẹ́ yà ti jìnnà tó. Bí a bá yọjú wo ihò rẹ̀, àwòrán méjì ni a óò rí. Bí a ti ń yí awò ni wọ́n ń súnmọ́ra. Nígbà tí méjèèjì bá di ọ̀kan, àwòrán yóò mọ́ kedere. Nítorí náà, kò tó kí awò wọ ẹnu kámẹ́rà nìkan; ó gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rọ inú rẹ̀ mu pẹ̀lú.

Nígbà náà, ńṣe ni a ń yí awò wọ ẹnu kámẹ́rà bí ọmọrí ìgò. Ìbú ẹnu náà jẹ́ mìlímítà 39. Nígbà tí M3 jáde ní 1954, ẹnu yí padà: a ó ki awò bọ̀ ọ́, a ó yí i díẹ̀, yóò sì há. Ẹni tí ó ti ra awò tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Àwọn oníṣẹ́ ti rò ó. Láti ẹnu kámẹ́rà àtijọ́ dé ara fíìmù jẹ́ mìlímítà 28.8, ti M3 jẹ́ 27.8. Mìlímítà 1 péré tí ó ṣẹ́kù ni àyè òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí a bá yí awò àtijọ́ sínú òrùka yìí, yóò wọ kámẹ́rà tuntun, rangefinder yóò sì ṣiṣẹ́. Kódà M8 tí ó jáde ní 2006, tí kò lo fíìmù rárá, ń gbà á.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí kò ní àbọ̀: awò M kò lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ lára kámẹ́rà àtijọ́, nítorí kò sí àyè fún un.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́rin. Èkíní, òrùka ju irú kan lọ. Ẹ mú èyí tí yóò gbé ìlà ààlà àwòrán tí ó bá awò yín mu jáde. Èkejì, awò Jupiter ti ayé ìjọba Sófíẹ̀tì ní ẹnu mìlímítà 39 bákan náà, ṣùgbọ́n òmíràn kì í bá ìwọ̀n Leica dọ́gba bí ohun tí a ń yà bá wà nítòsí. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀kẹta, bí awò bá jẹ́ irú èyí tí ń wọnú ara rẹ̀, ẹ má tì í wọlé lára kámẹ́rà tuntun láìjẹ́ pé ó dá yín lójú pé kò ní kan nǹkan nínú. Ẹ̀kẹrin, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ọ̀rinrin a máa mú ohun kan hù nínú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, èyí sì ń ba awò jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yẹ àpótí wò dáadáa kí ẹ tó pe oníṣòwò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ohun tuntun yìí kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ti àtijọ́. Kí àwa náà má ṣe bẹ́ẹ̀.