Ogun ní Ukraine, ọ̀wọ́n búrẹ́dì ní Nàìjíríà: Ta ni aráàlú ń bínú sí?

Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjà òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kà á sí. Kò pẹ́ tó fi kan búrẹ́dì. Àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì wà lára àwọn tó ń ta àlìkámà jù lágbàáyé, òkèèrè sì ni Nàìjíríà ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń ṣiṣẹ́, tí lítà rẹ̀ kò tó 300 náírà ní oṣù Kínní, ti kọjá 700 ní oṣù Keje. Lóṣù náà ni ọ̀pọ̀ wọn daṣẹ́ sílẹ̀.

Síbẹ̀, lọ́jà àti nínú ọkọ̀, Putin kọ́ ni wọ́n ń bú jù, àwọn olówó àti olóṣèlú ni. Àròyé lásán kọ́. Ogun yìí kan náà ló gbé epo rọ̀bì tí Nàìjíríà ń tà kọjá 100 dọ́là fún àgbá kan. Ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń rà wọlé ló gbé púpọ̀ nínú èrè náà mì. Ẹni tó ní ọkọ̀ márùn-ún sì jẹ nínú ìrànwọ́ yẹn ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Dísẹ́ẹ̀lì oníbúrẹ́dì ńkọ́? Kò sí ìrànwọ́ kankan lórí rẹ̀.