ÒMÙWẸ̀ NÍ Í BÓMI LỌ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó wá sílé fún ìsinmi ní Amuro



Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Èkó a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀yin ará Ọ̀kun tí ẹ kò mọ òkun!" Àwa náà a máa dá wọn lóhùn pé láti inú kíkí la ti ń jẹ́ Ọ̀kun, kì í ṣe láti inú omi iyọ̀. Òótọ́ sì ni pé àárín àpáta àti oko ni wọ́n bí wa sí. Ẹja òkun tí a mọ̀ láti kékeré ni òkú Èkó, èyí tí yìnyín ti mú gan kí ọkọ̀ tó gbé e dé ọjà wa. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ti òkè òkun wá, tí kò fojú kan omi tiwa rí.

Ìdí tí a fi dìde sọ̀rọ̀ lónìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń sọ pé ẹ ó bá wa lọ pẹja létí òkun nígbà ìsinmi oṣù kẹjọ tó ń bọ̀. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́fà la lọ léṣìí, ó sì ku díẹ̀ kí a padà wálé ní márùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é fi pamọ́.

Etí òkun Àgbádárìgì la lọ. Níbẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Àgànyìn, tí bàbá ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ìhà Kẹ́ta ní ilẹ̀ Gánà wá, ti ń fa àwọ̀n ńlá. Wọn a fi orí okùn kan sílẹ̀ lórí yanrìn. Ọkọ̀ a gbé àwọ̀n wọ inú òkun, a máa tú u sílẹ̀ bí ó ti ń lọ, a sì yí po bí òṣùpá àbọ̀ títí yóò fi mú orí okùn kejì dé ilẹ̀ ní ọ̀kánkán. Nígbà náà ni ọ̀wọ́ ènìyàn méjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà, orin lẹ́nu wọn. Bí wọ́n ti ń fà ni wọ́n ń sún mọ́ ara wọn, títí ẹnu àwọ̀n yóò fi pa dé. Bí ọ̀wọ́ kan bá ń fà tí èkejì ń ṣe ìmẹ́lẹ́, àwọ̀n a wọ́, ẹja a sì sá lọ. A bá wọn fà á títí ọwọ́ wa fi bó. Sáwá, ẹ̀fọ́lọ̀, apò kéékèèké, kúta àti akàn ló jáde.

Ohun tó wú wa lórí jù ni bí wọ́n ti pín in. Wọ́n kọ́kọ́ yọ owó epo àti owó oúnjẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n pín ìyókù: ti aláwọ̀n lọ́tọ̀, ti ọlọ́kọ̀ lọ́tọ̀, ti àwọn tó fà á lọ́tọ̀. Lórí yanrìn ni, ní gbangba, lójú gbogbo wa. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ gbọ́ o! Ẹni tí kò tíì rí ìwé ìṣirò ibi iṣẹ́ rẹ̀ rí lè lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ apẹja.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀kan nínú wa ní òun fẹ́ wẹ̀. Awakọ̀ ni, ó ti gbé Lọ́kọ́ja pẹ́, odò Ọya kò sì bà á lẹ́rù. Ó wo òkun, ó rí ibì kan tí ìgbì kò ti fọ́, tí omi rẹ̀ rọ̀, ó bá gba ibẹ̀ wọlé. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé orí rẹ̀ ń jìnnà. Ó ń wẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa tagbáratagbára, síbẹ̀ ẹ̀yìn ló ń lọ. Ọ̀kan nínú àwa tó kù ti fẹ́ bẹ́ sómi, bàbá apẹja kan gbá a mú lápá. Bàbá náà so okùn mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì, àwọn ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e lọ bá a. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀.

Bàbá yẹn là á yé wa. Ìgbì ń kó omi jọ sí etí òkun, omi náà sì gbọ́dọ̀ padà. Ojú ọ̀nà kan ló máa ń gbà padà, ibẹ̀ sì jìn, ìdí nìyẹn tí ìgbì kì í fi í fọ́ níbẹ̀. Ibi tí àlejò rò pé ó rọ̀ gan-an ni ọ̀nà àbájáde omi. Ojú ni àlejò ní, kò fi ríran. Omi náà kì í fa ènìyàn lọ sísàlẹ̀, ó ń gbé e lọ sí àárín òkun ni. Bí ó bá mú ọ, má bá a jìjàkadì. Léfòó, na ọwọ́ sókè, kí o wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etí òkun, títí wàá fi bọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o jẹ́ kí ìgbì gbé ọ padà. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀, ohun tó lè léfòó ni kó jù, kó má fi òfìfo ọwọ́ bẹ́ sómi.

Ẹ má sì jẹ́ kí oṣù kẹjọ tàn yín. Òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀, oòrùn a yọ, ènìyàn a rò pé òkun náà ti sinmi. Ṣùgbọ́n ìgbì yẹn kì í ṣe ọmọ òjò wa. Afẹ́fẹ́ tó ń jà ní ọ̀nà jíjìn, níhà gúúsù Àtìláńtíìkì, ló ń rán an wá, láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án ló sì máa ń le jù.

Ẹni tó fẹ́ ju ìwọ̀ láti orí ilẹ̀, kó mú òjé tó wúwo dání, kó fi edé tàbí ègé sáwá ṣe ìjẹ, kó sì ṣọ́ omi. Lẹ́ẹ̀mejì ni òkun ń kún lójúmọ́, lẹ́ẹ̀mejì ló sì ń fà. Ìgbà tó bá ń kún bọ̀ ni ẹja ń tẹ̀ lé e wá jẹun nítòsí. Kó má gun òkúta tí ìgbì ti mú tutù. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀, kó wọ ẹ̀wù ìléfòó sọ́rùn, kó má fi jókòó. Kó sọ wákàtí tí yóò padà fún ẹni tó wà nílẹ̀. Bí atukọ̀ bá ní òun kò lọ lónìí, kí ẹnikẹ́ni má fi owó bẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó kọ́ wa ní gbogbo èyí náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn. Òfin ẹja òkun ti ọdún 1992 kò fàyè gba ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun láti pẹja láàárín máìlì òkun márùn-ún sí ilẹ̀, èyí tó tó kìlómítà mẹ́sàn-án. Àwọn apẹja wa ní wọ́n ṣì ń wọlé lóru, tí wọ́n ń fa àwọ̀n àwọn ya. Ní Àyètòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, tí gbogbo wọn ti jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà kan rí, tí wọ́n ti jọ ń jẹ, tí wọ́n sì ra ọkọ̀ ẹja ńlá fún ara wọn, òkun tó bọ́ wọn náà ló ń wó ilé wọn lónìí. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n bí àwa. Bí a bá ń ka ẹ̀dùn tiwa níwájú ìjọba, ẹ jẹ́ kí a máa dárúkọ tiwọn mọ́ ọn.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Kí ẹ̀ka wa tó ra ìwọ̀ kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí a fi owó àpò ẹgbẹ́ ra ẹ̀wù ìléfòó, iye ẹni tó bá fẹ́ lọ ni iye ẹ̀wù. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀, kó dúró nílẹ̀ bá wọn fa okùn. Ẹgbẹ́ tó ń jà fún owó ọ̀yà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jà fún ẹ̀mí ẹni tí yóò gba owó náà. Arákùnrin wa tí omi gbé náà wà láàárín wa níbí. Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. A fẹ́ kí gbogbo wa padà wálé rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọ̀kun o!