Tọkọtaya Méjì ní Àgbádárìgì

 Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo dìídì ní lọ́kàn ní alẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni. Kì í ṣe ìrìn-àjò òwò, kì í ṣe ti òkú, kì í sì í ṣe ti ìgbéyàwó. Èyí tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nítorí pé ó fẹ́ mọ nǹkan ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò.

Bí ẹ bá dé àwọn ìlú àtijọ́ tí ó wà létí òkun ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó, lọ́kọ-láya, tí wọ́n gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn láti àdúgbò dé àdúgbò. Ọ̀kan nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Kochi. Ibẹ̀ ni Vasco da Gama, ará Potogí tí ó ṣáájú àwọn òyìnbó gba ojú òkun yí Áfíríkà po dé Íńdíà, kú sí ní 1524. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí kí wọ́n tó wá kó egungun rẹ̀ lọ sílé. Òkun tí ó gbé àwọn Potogí lọ síbẹ̀ ni ó gbé wọn dé etí omi tiwa náà. Nítorí náà, àwa pẹ̀lú ní ìlú àtijọ́ létí òkun. Àgbádárìgì jẹ́ ọ̀kan. Mélòó nínú wa ni ó ti fi ẹsẹ̀ rìn ín?

Láti Ọ̀fàtẹ̀dó, ní ìtòsí Òṣogbo, ni èmi àti ìyàwó mi ti gbéra ní àkókò ìsinmi kan. Olùkọ́ ìtàn ni ìyàwó mi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èdè ni èmi ń kọ́ ní yunifásítì. Àpò kọ̀ọ̀kan ni a gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ohun tí ó wà nínú wọn kò ju aṣọ méjì-méjì, ìgò omi àti ìwé àkọsílẹ̀ lọ. Bí ìyá àgbà kan ní àdúgbò ti rí wa báyìí, ó ní, “Ta ni ó kú?”

Mo ní, “Ìyá, kò sí ẹni tí ó kú.”

Ó ní, “Ta ni ó wá ń gbéyàwó?”

Mo ní, “Kò sí, Ìyá. A kàn fẹ́ lọ wo Àgbádárìgì ni.”

Ó wò wá láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Kí ni ẹ gbàgbé síbẹ̀?”

A rẹ́rìn-ín, a sì bá ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá yìí kò fi mí sílẹ̀ títí a fi dé etí òkun, òun náà ni n ó sì fi kádìí ọ̀rọ̀ mi.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Kí ni oògùn rẹ̀? Ìbéèrè ni. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Àgbádárìgì, a pinnu pé a kò ní gun ọ̀kadà nínú ìlú. Ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn, ẹnu ni a ó sì fi béèrè. Obìnrin kan tí ń ta àgbọn ni ìyàwó mi kọ́kọ́ dúró tì. Ó ra àgbọn, ó sì bẹ obìnrin náà pé kí ó kọ́ òun bí a ti ń kí ènìyàn ní èdè Ègùn, nítorí pé àwọn Ògù ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìlú náà. Nígbà tí ìyàwó mi gbìyànjú rẹ̀, tí ó sì ṣì í pè, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tún un pè fún un, ó sì fi àgbọn kan kún ti ọwọ́ rẹ̀. Òun náà ni ó fi ọ̀nà hàn wá. Ìkíni kan ṣoṣo ni ó sọ wá di àlejò ẹnì kan ní ìlú tí a kò mọ ẹnikẹ́ni.

A rìn gba etí ọ̀sà. A rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kà sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí àwọn òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S. kọ́ ní 1845. A dé ibi tí igi Àgíà wà rí, lábẹ́ èyí tí Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti wàásù ní 1842. Igi náà wó ní 1959. Ọwọ̀n ìrántí ni ó dúró níbẹ̀ báyìí.

Lẹ́yìn náà ni a wọ ilé kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú pamọ́ sí. A bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ń ṣe bí ẹrú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ya fọ́tò rẹ̀, ẹ̀rín sì gba inú ilé kan. Ọkùnrin tí ń mú wa kiri yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wá fi ọrùn sí i, kí a yà yín.” N kò ní parọ́ fún yín: mo ti na ọwọ́ sí i.

Ìyàwó mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ má fi ṣeré. Bí ó bá jẹ́ pósí ni wọ́n gbé jáde, ṣé ẹ ó wọ inú rẹ̀ kí wọ́n yà yín?”

Ojú tì mí, inú sì bí mi díẹ̀, nítorí pé àárín èrò ni ó ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò bá ọmọ náà jà. Ó súnmọ́ ọn, ó ní, “Ọmọ mi, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

Ọmọ náà ní, “Ọdún 13, Mà.”

Ó ní, “Bí ìwọ báyìí ni Àjàyí ṣe tó nígbà tí wọ́n mú un.”

Ọmọ náà rọra bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, ó sì gbé e kalẹ̀ láìjẹ́ kí ó dún. Ó wá béèrè pé, “Mà, Àjàyí wo ni?”

Ẹ̀yin olùkọ́, ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdáhùn tí ìyàwó mi fún un. Ní 1821 ni ogun kó ìlú Òṣogùn. Wọ́n mú Àjàyí, wọ́n mú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, ó dá a padà, ó sì gba ọmọ ènìyàn padà bí ẹni gba ẹrù. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kàwé, níbẹ̀ náà ni ó ti fẹ́ Asanó ní 1829, ọmọbìnrin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú bí òun náà. Àwọn ni a mọ̀ sí Samuel àti Susan Crowther.

Ní oṣù January 1845, tọkọtaya yìí gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ẹ bá mi rò ó wò. Òwò ẹrú kò tíì tán ní etí òkun wa nígbà náà. Baba àti ìyá tí wọ́n ti di ẹrù ọkọ̀ rí ni wọ́n tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn padà wá sí etí òkun yẹn, tí wọ́n sì mú ọmọ lọ́wọ́. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí í ṣe aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá ti kú, ọ̀nà sì dí. Wọ́n wà ní Àgbádárìgì fún nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní oṣù August 1846, Àjàyí rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25.

Ọmọ mìíràn tún wà tí ogun mú ní kékeré. Ní Àgbádárìgì náà ni a ti dé ọgbà Sẹ̀ríkí Fárẹ̀mí Williams Abass, níbi tí wọ́n ń há ẹrú mọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọmọdé ni òun náà nígbà tí wọ́n tà á, ó dé Bùràsíìlì, ó padà wá, ó sì di oníṣòwò ẹrú ńlá. Inú ọgbà rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí ní 1919. Ọmọ méjì ni èyí, ìyà kan náà ni ó jẹ wọ́n. Ọ̀kan padà wá, ó sì rí ìyá rẹ̀. Èkejì padà wá láti ta ọmọ ìyá ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gberefu. A fi ẹsẹ̀ rìn nínú yanrìn, a kọjá níbi kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú máa ń mu omi rẹ̀, títí a fi dé etí òkun tí ẹrú kì í ti í padà. Ọkùnrin tí ń mú wa lọ sọ ohun tí àwọn òyìnbó ṣe, òótọ́ ni ó sì sọ. Ìyàwó mi wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó mú wọn dé ọ̀dọ̀ òyìnbó?” Ọkùnrin náà dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, “Àwa ni, Mà.”

Mo wo òkun, mo sì rántí ilé. Orúkọ Ọ̀fàtẹ̀dó fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: àwọn ará Ọ̀fà ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ogun Ìlọrin ni ó tú Ọ̀fà ká ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọkọ̀ ẹrú ti ṣíwọ́ lójú òkun nígbà náà, ṣùgbọ́n ogun bíi tirẹ̀ tí ó jà ṣáájú, láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Òṣogùn, ni ó kó àwọn ènìyàn wá sí etí omi. Àwọn tí ó sá àsálà rí ibi tẹ̀dó. Àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ rí òkun. Ìyàtọ̀ wọn lè má ju ẹsẹ̀ tí ó yá lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sí irú ìlú wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìtàn fún wọn kí ẹ tó gbéra, kí ojú wọn má baà jẹ́ ojú àlejò. Ẹ kọ́ wọn ní ìkíni èdè ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ sì jẹ́ kí olúkúlùkù gbé ìbéèrè kan dání, kì í ṣe nípa àwọn ẹlòmíràn nìkan, bí kò ṣe nípa tiwa pẹ̀lú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fẹ́ rí Íńdíà àti Bùràsíìlì, n kò ní kí ẹ má lọ. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé oko baba òun ló tóbi jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì rin oko baba tirẹ̀ já, kí ni yóò fi wé ti ẹlòmíràn?

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Nígbà tí a padà dé Ọ̀fàtẹ̀dó, ìyá àgbà wa ṣì jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú àbọ̀ o. Ṣé ẹ rí ohun tí ẹ gbàgbé?”

Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní, “A rí i, Ìyá. Ènìyàn ni.”

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí a jókòó, kí a sọ ọ́ fún òun.