Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni kó yan irinṣẹ́

   

Lónìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ bá yín sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ti oko bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rúkọ́ tuntun sí ọkọ́ yín, kí ni ẹ máa ń ṣe? Ẹ ó gbé e lọ́wọ́. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ ebè. Bí ó bá gùn jù, ẹ ó gé e. Bí ó bá há yín lọ́wọ́, ẹ ó fi í sílẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ tó ń mú ẹ̀rúkọ́ nítorí pé ó ń dán. Ọwọ́ tí yóò fi í ro oko ni yóò sọ bóyá ó dára.

Ẹ wá gbọ́ ìtàn akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan. Ní àkókò kajú, láti àárọ̀ di alẹ́ ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Ó ń kọ orúkọ olúkúlùkù àti iye kìlò tó gbé wá. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Ìka rẹ̀ ń kú bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé lórí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan gba ìwé rẹ̀. Ìyá yìí ti kọ́ ìwé kíkà. Ó ka ìwé náà, ó sì ní: «Ọmọ mi, kìlò 86 ni mo gbé wá. Èéṣe tí o fi kọ 68?»

Alága ẹgbẹ́ pe akọ̀wé. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀, ó ní: «Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọwọ́ ló ń dùn mí. N kò rí i tẹ̀ dáadáa mọ́.»

Alága wo orí tábìlì. «Nǹkan kékeré tí o ń dì mú yìí, ṣé o gbé e lọ́wọ́ wò kí a tó sanwó?»

«Rárá, Bàbá. A rí i pé ó lẹ́wà, kò sì wọ́n.»

«Ṣé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ra ọkọ́?»

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yẹn ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Kí ni nǹkan kékeré náà? Eku kọ̀ǹpútà ni. A ń fi ọwọ́ tì í lórí tábìlì, àmì kan a sì máa rìn lójú kọ̀ǹpútà. Douglas Engelbart, ará Amẹ́ríkà, ló ronú rẹ̀. Ní 1964, igi ni wọ́n fi ṣe ara ti àkọ́kọ́. Okùn rẹ̀ jọ ìrù, ni wọ́n ṣe pè é ní eku. Lónìí, eku tí kò ní ìrù ti wà. Kíbọ́ọ̀dù tí kò ní okùn náà wà. Kíbọ́ọ̀dù ni pátákó lẹ́tà tí a ń fi ìka tẹ̀, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní clavier.

Kí ni àǹfààní àìní okùn? Okùn kò ní máa fa ọwọ́ yín. Ẹ lè gbé irinṣẹ́ sí ibi tó rọ ara yín lọ́rùn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní ìṣòro kan: ojú rẹ̀ àti lẹ́tà rẹ̀ so pọ̀. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀, ọrùn yín yóò tẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sókè, ọwọ́ yín yóò so rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, ẹ lè gbé kọ̀ǹpútà lé orí àpótí kí ojú rẹ̀ bá ojú yín dọ́gba, kí kíbọ́ọ̀dù sì wà nísàlẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń yàn wọ́n?

Èkíní, ẹ fi ọwọ́ wọn eku náà. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Bí ìka bá ká kò bí èékánná àwòdì, ó kéré jù. Bí ẹ bá ń na ìka kí ó tó dé ibi títẹ̀, ó tóbi jù. Ọlọ́wọ́ òsì kò gbọdọ̀ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Kí ó ra èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba.

Èkejì, ẹ wo ọrùn ọwọ́ yín lórí kíbọ́ọ̀dù. Kí ó tọ́, kí ó má tẹ̀ sókè. Kí apá sún mọ́ ìhà. Ẹsẹ̀ kékeré méjì máa ń wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá nà wọ́n, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ga, ọrùn ọwọ́ yóò sì tẹ̀. Ẹ ká wọn padà.

Ẹ̀kẹta, ẹ bi ara yín pé: kí ni a ń kọ jù? Lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé tí wọ́n ń pè ní AZERTY, ẹ ní láti di bọ́tìnnì mìíràn mú kí ẹ tó tẹ nọ́ḿbà tó wà lókè. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ owó àti kìlò nílò èyí tó ní nọ́ḿbà lọ́tọ̀ ní apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n èyí gùn, ó ń ti eku jìnnà, èjìká sì lè rẹ̀. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà nìkan, kí ó ra èyí tó kúrú. Kíbọ́ọ̀dù tó ti Nàìjíríà wá sábà máa ń jẹ́ QWERTY. Níbẹ̀, A wà ní ipò Q, Z wà ní ipò W. Ẹ ra èyí tí ìka yín ti mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè nípa bátìrì. Ẹ mú èyí tí bátìrì rẹ̀ wà lọ́jà yín. Ẹ pa á bí iṣẹ́ bá parí. Irú kan ní ohun kékeré bí èékánná tí a ń ki bọ ihò USB. Ẹ má jẹ́ kí ó sọnù, nítorí ó ṣòro láti rí òmíràn tó bá a mu. Irú kejì ń lo Bluetooth, kò nílò ohun kékeré yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé kọ̀ǹpútà yín ní Bluetooth.

Irinṣẹ́ tó dára kò dípò ìsinmi. Ẹ máa dìde, ẹ máa na ọwọ́. Bí ìka bá ń kú, tí ìsinmi kò sì mú un lọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi pamọ́ bí akọ̀wé wa.

Ẹgbẹ́ náà wá mú akọ̀wé lọ sọ́jà. Mẹ́ta ló gbé lọ́wọ́ kí ó tó mú ọ̀kan. Wọ́n tún ìwé ìyá àgbà ṣe, wọ́n sì san owó kìlò 18 tó kù fún un. Ìwé tó kọ́ ló gbà á. Ẹ̀yin náà, ẹ máa ka ìwé yín kí ẹ tó kúrò níbi ìwọ̀n.

Ó di ìgbà mìíràn o.

Ẹ jọ jíròrò:
1. Èéṣe tí akọ̀wé fi kọ 68 dípò 86?
2. Ta ni yóò lo kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ yín? Ṣé ẹ mú un lọ sọ́jà?
3. Irinṣẹ́ wo ní ilé yín ló ń dun ọwọ́ ẹni tó ń lò ó?