Adójútòfò Ìlera àti Àwa Ọmọ Ìlú

Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá wà nínú ti ìjọba ìpínlẹ̀ lè fi ti aládàáni kún un.

Àwọn kan ń béèrè pé, “Bí n kò bá ṣàìsàn, ta ni yóò dá owó mi padà?” Kì í ṣe èésú ni a ń dá o! Owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni a fi ń tọ́jú ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Bí àwa olówó oṣù bá sá tọ aládàáni nìkan lọ, kí ni yóò kù nínú àpò náà fún ìyá àgbà tí ń ta iyọ̀?

Mo dábàá kí ẹgbẹ́ wa máa san ti àwọn arúgbó tí kò lẹ́nìkan, kí a tó kun gbọ̀ngàn ìlú lọ́dà.