Ìwé Kíkà Kò Parí sí Ilé Ẹ̀kọ́: Ohun tí Ìtàn Ibà Lassa Kọ́ Wa

  

Kì í ṣe ìwé ìdánwò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìwé tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí onímọ̀ tàbí oníròyìn kọ fún tẹrú-tọmọ, lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti lórí ohun tó ń lọ láwùjọ: àìsàn, omi, oúnjẹ, ètò ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, pé àgbàlagbà tó ti gba ìwé ẹ̀rí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Èkó. Lóru ọjọ́ kan, fóònù ń dún káàkiri Nàìjíríà pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan mu ún, wọ́n di èrò ọsìbítù. Nínú oṣù kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀. Àwọn tó ń pe ẹbí wọn lóru kò ní èrò ibi lọ́kàn, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé wọn kò bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa. Lassa jẹ́ ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Askira-Uba, ní ìpínlẹ̀ Borno tí a wà yìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Laura Wine, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsìbítù ìjọ níbẹ̀, dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kó àrùn náà, òun náà kú. Lily Pinneo tó tọ́jú Shaw kó o pẹ̀lú. Wọ́n gbé e lọ sí New York, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Ní Yunifásítì Yale, Jordi Casals yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò títí wọ́n fi rí fáírọ́ọ̀sì náà. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kó o, omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára, ó sì yè. Òṣìṣẹ́ mìíràn ní Yale, Juan Roman, kò yè é. Ní ọdún 1970, dókítà Jeanette Troup fi abẹ ṣe ara rẹ̀ léṣe ní Jos níbi tó ti ń yẹ òkú kan wò, ó sì kú.

Ní 1974, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John G. Fuller, kó ìtàn yìí sínú ìwé tó pè ní Fever! Ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni ìwé náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹni tí kò kọ́ sáyẹ́ǹsì rí lè kà á bí ẹni ń ka ìtàn, síbẹ̀ kókó kan yóò yé e: ọwọ́ tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ ní ààbò.

Ṣùgbọ́n ìwé ní ọjọ́ orí. Ní 1972, àwọn olùwádìí ní Sierra Leone rí fáírọ́ọ̀sì náà lára eku kan tó máa ń wọlé jẹun, èyí tí wọ́n ń pè ní Mastomys natalensis. Ní 1986, ìwádìí mìíràn láti Sierra Leone jáde pé oògùn ribavirin ń gba ẹ̀mí là bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹni tó bá ka ìwé 1974 nìkan, tí kò wo èyí tó tẹ̀lé e, yóò rò pé kò sí oògùn.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Lọ́dọọdún ni àrùn yìí ń jà ní Nàìjíríà. Ondo, Edo àti Bauchi sì wà lára ibi tó ti ń pọ̀ jù. Ará Ọ̀wọ̀ tó wà láàárín wa mọ ohun tí mò ń sọ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e dé orí oúnjẹ. Ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ ń ta gàrí àti èlùbọ́, ike tó ní ìdérí dáadáa sàn ju àpò tó ṣí sílẹ̀ lọ. Bí ibà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ó jọ ibà lásán. Bí oògùn ibà kò bá ràn án láàárín ọjọ́ méjì-mẹ́ta, ẹ má ṣe jókòó sílé máa wá ẹni tó ń fi ayé ṣe yín. Ọsìbítù ni kí ẹ gbà lọ kíákíá.

Nítorí náà, mo rọ ẹgbẹ́ yìí pé kí a yan ìwé kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ọ̀dọ́ kan kà á, kí ó sì fi Yorùbá ròyìn rẹ̀ fún wa ní ìpàdé, kí ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè bá wa dá sí i. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí a máa bi í. Ta ló kọ ọ́? Ọdún wo ló kọ ọ́? Báwo ló ṣe mọ ohun tó sọ? Bí ìbéèrè mẹ́ta yìí bá mọ́ wa lára, a ó máa bi ìròyìn orí fóònù náà kí a tó fi ránṣẹ́ sí ọmọ wa.

Èmi yóò fi ìwé mẹ́ta sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé lónìí kí ètò náà lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní tirẹ̀, kí ó mú un wá.  Kí Ọlọ́run dá ẹgbẹ́ wa àti ìlú tó gbà wá yìí sí. Àṣẹ.