Kí Òórùn Wá Bá Ajá: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba lórí Ajá, Oyin àti Àrùn Inú Afárá

Ẹ̀yin baba ọdẹ tí ẹ wà láàárín wa, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyin ni orí ọ̀rọ̀. Ọdẹ ni Ògúnlọlá tó dá ìran ọba Ṣọ̀ún sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọgbọ́n tí mo ń wá ti wà lọ́wọ́ yín ṣáájú kí wọ́n tó dá Yunifásítì Ladoke Akintola sílẹ̀ ní 1990, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fi ìwé kọ́ wa ní ohunkóhun nípa imú ajá.

Àrùn kan wà tó ń pa ìdin oyin. American foulbrood ni wọ́n ń pè é káàkiri ayé. Èmi yóò máa pè é ní àrùn ìdin jíjẹrà. Bakitéríà tó ń fà á ni Paenibacillus larvae, èyí tí G. F. White ṣàlàyé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1906. Ìdin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí kò tíì ju ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ, ló máa ń kó o láti inú oúnjẹ tí àwọn oyin òṣìṣẹ́ ń fún un. Ìdin náà á dàgbà, wọn á fi ìda dé ojú ihò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, abẹ́ ìdérí yẹn ló sì máa kú sí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣí àpótí oyin fi lè wò ó fínnífínní kó má rí ohun kan.

Bí ẹ bá gbé afárá bẹ́ẹ̀ sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí i, ẹ máa rí i pé àwọn ìdérí kan ti rì wọnú, wọ́n ti dúdú díẹ̀, wọ́n sì ń dán. Àwọn mìíràn ní ihò wínníwínní tí àwọn oyin fúnra wọn dá sí i. Ẹ mú igi ìṣáná kan, ẹ tì í bọ inú ihò náà, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá rọra fà á jáde. Bó bá jẹ́ àrùn yìí ni, ohun tó ṣẹ́kù lára ìdin á yọ̀ tẹ̀lé ìṣáná bí ọbẹ̀ ilá, á pọ́n rúsúrúsú, á fà tó sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta kó tó já. Òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti ẹja tó ti rà. Bó bá gbẹ tán, á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò pinpin, kò sí oyin tó lè ha á kúrò. Inú rẹ̀ ni kóro bakitéríà náà wà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní spore, kóro yìí sì lè wà láàyè ju ọdún 35 lọ nínú igi àpótí, nínú ìda, nínú ibọ̀wọ́ tí a kò fọ̀. Oògùn tó ń pa bakitéríà lè mú kí àrùn náà fara pa mọ́ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kò lè pa kóro. Nítorí ìdí èyí ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń dáná sun àpótí náà pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí imú ènìyàn bá fi gbọ́ òórùn yẹn, àrùn ti tàn dé ọ̀pọ̀ ihò. Ibi tí ajá ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, láti 1982 ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń lo ajá láti wá àrùn ìdin jíjẹrà. Cybil Preston, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yẹ ilé oyin wò níbẹ̀ nígbà náà, kọ́ ajá Labrador kan tó ń jẹ́ Mack. Ìyá náà á máa tọ́ka sí àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, Mack á máa gbóòórùn lọ. Àpótí tó bá ti gbọ́ òórùn àrùn, ibẹ̀ ló máa jókòó sí, láìgbó, láìfi ẹsẹ̀ họ ohunkóhun. Ènìyàn á wá ṣí àpótí náà, á fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ajá lè yẹ 100 àpótí wò láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣí i, 45 péré lè gba odindi ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo èyí tó bá sì ṣí ló dà láàmú.

Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ọ̀rọ̀ Mack ń wù, tí wọ́n fẹ́ ra ajá lọ́la kí wọ́n mú un wọ ọgbà oyin. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà òtútù ni Mack ṣe iṣẹ́ rẹ̀, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti tutù tó ìwọ̀n 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí tó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn oyin ti kó ara wọn jọ nínú àpótí tí wọn kò fò. Ọyẹ́ tiwa kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Oyin tiwa pẹ̀lú, Apis mellifera adansonii, kì í ṣe oyin tó ń fara balẹ̀ fún àlejò. Bí ọ̀kan bá ta ènìyàn tàbí ẹran, òórùn kan máa ń jáde lára rẹ̀ tó ń ké pe àwọn yòókù. Isopentyl acetate lorúkọ rẹ̀, ó sì ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Gbogbo àgbẹ̀ tó wà níbí ló mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ewúrẹ́ tí wọ́n so sí ìtòsí oyin lọ́jọ́ tí oyin bá bínú: okùn kò jẹ́ kó sá. Ajá tí a fi ìjánu mú lọ síwájú àpótí 20 kò yàtọ̀ sí ewúrẹ́ yẹn.

Ní Gúúsù Australia, Josh Kennett rán aṣọ ìdáàbòbò fún ajá rẹ̀, Bazz, kí oyin má bàa ta á. Iṣẹ́ akíkanjú ni. Ṣùgbọ́n ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ẹnu yíyà àti ahọ́n ló fi ń tu ara. Ẹ wọ aṣọ tó bo ajá délẹ̀ fún un nínú oòrùn oṣù kejì ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ sì wò bóyá ó lè gbóòórùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀nà àbáyọ tí mo rí, Gáḿbíà ni mo ti rí i, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyin rárá. Ibà ni. Steve Lindsay ti Yunifásítì Durham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé ní Gáḿbíà ní ìbọ̀sẹ̀ nylon kí wọ́n wọ̀ ọ́ sùn mọ́jú. Kò sí èyí tí ara rẹ̀ gbóná nínú àwọn ọmọ náà, àmọ́ kòkòrò ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan. Wọ́n kó ìbọ̀sẹ̀ náà sínú yìnyín, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Milton Keynes ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àjọ Medical Detection Dogs ti ń kọ́ ajá. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, àwọn ajá náà mọ nǹkan bí 70 nínú 100 ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ tó ní kòkòrò ibà, wọ́n sì kọjá 90 nínú 100 èyí tí kò ní in láìdúró. Ajá kankan kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Gáḿbíà. Òórùn ló rìnrìn àjò.

Ohun tí mo ń dábàá fún Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oyin bá ti wọlé, kí olóyin fi ibọ̀wọ́ mímọ́ ki aṣọ òwú funfun kékeré kan bọ ẹnu ọ̀nà àpótí, kí aṣọ náà wà níbẹ̀ mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kó fa á yọ, kó sọ ọ́ sínú ìgò onídèérí, kó kọ nọ́ńbà àpótí sí i lára. Ìgò ló máa gun ọ̀kadà lọ sí ibi tí ajá wà, lábẹ́ òrùlé, nínú ìbòòji, níbi tí oyin kankan kò sí. Ọ̀nà yìí tún yanjú ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú yín. Àwọn ẹbí mùsùlùmí púpọ̀ ní ìlú méjèèjì yìí kì í fẹ́ ajá nítòsí ilé wọn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Aṣọ òwú kò ní mú ajá wọ ọgbà ẹnikẹ́ni.

Ta ló máa kọ́ ajá náà? Ẹ̀yin baba ọdẹ ni. Ọdẹ tó bá pa òyà, tó gé díẹ̀ fún ajá lójú ẹsẹ̀, ti mọ̀ pé èrè gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé iṣẹ́ kíákíá kí ajá tó lè so méjèèjì pọ̀. Ó mọ bí ajá ṣe ń dúró nígbà tó bá dá a lójú, àti bó ṣe ń dúró nígbà tó bá kàn ń méfò. Agolo mẹ́fà la máa tò. Òórùn tí a ń wá á wà nínú ẹyọ kan, aṣọ láti inú ilé oyin tí ara rẹ̀ dá á wà nínú àwọn yòókù. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí bó bá jẹ́ agolo òfìfo la tò, òórùn ìda lásán ni ajá máa kọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún ọgbọ́n yín. Bí ajá bá lẹ́ni lẹ́yìn, a pa ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó wà lẹ́yìn ajá lè ba ìdánwò jẹ́. Ẹṣin kan wà ní Jámánì tí wọ́n ń pè ní Clever Hans, tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ó mọ ìṣirò. Ní 1907 Oskar Pfungst fi hàn pé ojú oníbèéèrè ni ẹṣin náà ń wò. Bí ojú yẹn bá ti yí díẹ̀, á dáwọ́ pátákò tó ń fi lulẹ̀ dúró. Ajá mọ ojú olówó rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó mú ajá lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ mọ agolo tí òórùn wà nínú rẹ̀, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ sí nínú yàrá.

Òórùn wo la máa fi bẹ̀rẹ̀? Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé afárá aláìsàn wọ orílẹ̀-èdè yìí nítorí pé ó fẹ́ kọ́ ajá. Ìpalára tí a ń sá fún ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọlé. Ní Australia, wọ́n máa ń fi ìtànṣán gamma pa kóro àrùn inú àpótí. Bí a bá fẹ́ lo afárá aláìsàn rárá, irú èyí tí wọ́n ti pa kóro inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ àwọn dókítà ẹran, ni kó jẹ́. Kó tó dìgbà yẹn, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Kòkòrò dúdú kékeré tó máa ń sá sí abẹ́ ọ̀pá afárá, Aethina tumida, ilẹ̀ Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Andrew Murray ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1867 láti inú èyí tí wọ́n kó ní Calabar. Baldwyn Torto, ọmọ Gánà tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwádìí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní icipe ní Nairobi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2007 pé ìwúkàrà kan máa ń bá kòkòrò yìí rìn, pé bó bá dé orí ẹ̀tù òdòdó tí oyin kó jọ, á máa tú òórùn isopentyl acetate jáde, òórùn ìpè ogun oyin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Òórùn náà ló ń fa àwọn kòkòrò yòókù wá. Ilé oyin tí kòkòrò ti ń dà láàmú ní òórùn tirẹ̀ nígbà náà, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà lọ́gbà yín láìkọjá bodè. Kí àwọn ajá àkọ́kọ́ kọ́ èyí. Kí a wo iye tí wọ́n gbà àti iye tí wọ́n ṣì, kí a tó sọ̀rọ̀ nípa àrùn mìíràn.

Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀nà wa jìn sí àrùn wọ̀nyí, kó rántí pé ní 2009 àrùn ìdin jíjẹrà bú jáde ní Western Cape ní Gúúsù Áfíríkà. Kó rántí pé ní 2012 àwọn onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà tẹ ìròyìn jáde pé Varroa destructor, kòkòrò bí eegbọn tó ń fa ara oyin mu, ti wà ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn wa níbí. Oyin inú ìgò tó ti òkè òkun wá lè ní kóro àrùn nínú. Kò ní pa ẹni tó bá jẹ ẹ́ lára, àmọ́ ìgò tí a kò fọ̀ tí a sọ sí ààtàn, oyin inú igbó á lá a. Igbó náà kò kéré: láti ibí títí dé Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, oyin wà nínú ihò igi tí ẹnikẹ́ni kò sìn. Òdòdó emi, òdòdó igbá, mángòrò àti kajú Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wọn ló ń rí àǹfààní ẹsẹ̀ oyin. Ìyá tó ń ṣe òrí àti ìyá tó ń ṣe irú lè má gbé àpótí oyin kankan kalẹ̀ láyé wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n.

Ó ku ẹyọ kan, òun ló le jù. Bí ajá bá jókòó síwájú ìgò yín lọ́jọ́ kan nítorí àrùn ìdin jíjẹrà, tí ìṣáná sì jẹ́rìí sí i, tí yàrá àyẹ̀wò ní Ìbàdàn fọwọ́ sí i, a máa ní kí ẹ sun àpótí yín: igi, ìda, oyin àti àwọn kòkòrò tó wà nínú rẹ̀, nínú kòtò, lálẹ́. Olóyin tó yá owó ra àpótí mẹ́wàá kò ní mú aṣọ òwú wá bó bá mọ̀ pé iná ló wà níkẹyìn, tí kò sì sẹ́ni tó máa san ohunkóhun fún un. Á fi ìgò pamọ́. Á ta àpótí náà fún aládùúgbò rẹ̀ pàápàá. Nítorí náà, mo ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa àti ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn oyin, kí wọ́n dá àpò owó gbà-má-bínú sílẹ̀ fún àpótí tí a bá sun, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá tí gbogbo olóyin lè kà, kí wọ́n sì ṣe é ṣáájú kí ọdẹ kankan tó to agolo àkọ́kọ́ síwájú ajá.